Ṣòkòtò Ògúndíyà àti Ìlẹ̀kùn Kúkúrú

Ẹ dá ẹkún dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ki oríkì, ẹ fi ẹnu sinmi. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin àlejò tí ó jẹ́ pé òórùn ẹran ló mú yín yà, ẹ sún mọ́ mi. Ẹrù Ọdẹ́jìnmí nìyẹn lórí ẹní: ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀, àti fìlà rẹ̀ tí òógùn ti sọ di irin. Kí oòrùn tó wọ̀ ni ìṣípà gbọ́dọ̀ jáde, kí a gbé ẹrù òkú ọdẹ lọ sí etí igbó, kí òun fúnra rẹ̀ lè gbà pé òun ti kú. Àwọn géńdé gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀, ẹrù náà kò ṣeé gbé. Ìbọn kan àti fìlà kan, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò ṣeé gbé.

Mo mọ ohun tó fà á. Láti ìdájí ni ẹ ti ń yin òkú bí ẹni tó fẹ́ kí ọba fún òun ní ilẹ̀. Erin wó, àjànàkú sùn, òkè ńlá ṣí lọ. Kò tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wòkè. Ẹ gbọ́ bí igi àjà ṣe ń dún? Kì í ṣe eku.

Èmi kì í ṣe ojo, ẹ kúkú mọ̀. Èmi ni mo fi eyín já ìrù ẹfọ̀n, tí mo fi ìrù náà na ẹfọ̀n délé. Mo kàwé dé ìwé kejì kí olùkọ́ tó wá fi orí balẹ̀ fún bàbá mi pé kí n má wá mọ́, nítorí bí mo bá rẹ́rìn-ín ní ilé ẹ̀kọ́, páànù á ṣí kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dún lájà yìí ń bà mí lẹ́rù, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí wà ní géńdé, Ògúndíyà ni Olúọdẹ ìlú yìí. Òun ni baba Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó fi ọwọ́ lẹ́rán, opó òkú tí a ń sìn lónìí. Ògúndíyà le. Bó bá húkọ́ nílé, adìẹ ìlú kejì á dẹ́kun àgbàdo jíjẹ. Bó bá wo ọbẹ̀ tó ń hó, ọbẹ̀ á tutù. Ó dàgbà, ó kú, ọjọ́ ìṣípà rẹ̀ sì pé.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí a bá ń ṣípà ọdẹ, a ó yìn ín, lẹ́yìn náà a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. A ó sọ ọjọ́ tó sá fún ọ̀kẹ́rẹ́. A ó sọ ọjọ́ tí ìbọn rẹ̀ dún fùú bí ìsó àgbà. Òkú á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ògúndíyà ṣì ń ba àwọn ọdẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n wo ojú ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n wo Ọdẹ́jìnmí, nítorí òun ni aláwàdà ìlú. Ọkùnrin yìí, bí àwọn ọdẹ bá ń jà lórí ẹran, yóò da ẹ̀fẹ̀ sí àárín wọn, wọn yóò rẹ́rìn-ín títí ajá yóò fi gbé ẹran náà lọ, ìjà á sì parí. Ọdún tí ìyàn mú, òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ń kí ìkòkò òfìfo kú oríire ìsinmi. Ẹ̀rín rẹ̀ la jẹ jáde nínú ìyàn náà.

Àna rẹ̀ ni Ògúndíyà kúkú jẹ́. Àna ẹni kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó yin àna rẹ̀. Àwọn tó kù náà bá yìn ín. Wọ́n yìn ín títí ẹrù rẹ̀ fi wúwo, àwọn tó gbé e jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sá wálé.

Kò pẹ́ sí i tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí rí Ògúndíyà ní oríta oko. Ó ga ju bó ti wà láyé lọ. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn dúró. Ẹni tó bá rí i, ẹ̀rù á mú un wólẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí ki í. Bó bá ti ń ki í ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e wọ igbó. Láṣebìkan ẹlẹ́mu lọ bẹ́ẹ̀. Igbá ẹmu rẹ̀ la bá, ẹmu ṣì ń hó nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ ṣẹ́ igi ìdáná, ó bá bàbá rẹ̀ pàdé. Ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tí kò kúnlẹ̀, ẹ sọ fún mi, irú ọmọ wo nìyẹn? Ó kúnlẹ̀, ó ki bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé oríta, ìdì igi ló bá, àti gèlè ìyàwó rẹ̀ tó kọ́ ẹ̀gún. Ó jókòó lórí ìdì igi náà. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ó sọ fún gèlè náà pé, "Àwẹ̀ró, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé dídáná kò wù ọ́. O ò bá sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó so gèlè mọ́ ọrùn, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ òkú.

Igbó tó wọ̀ kò lórúkọ, nítorí àwọn tó bá a pàdé kò padà wá sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, obìnrin arúgbó kan jókòó. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn débi pé ó fi ń gbálẹ̀: bó bá ṣẹ́jú, ewé á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò kí Ọdẹ́jìnmí. Àlọ́ ló pa fún un:

"Yìn ín, yóò ga. Bú u, yóò bínú. Kí ni ènìyàn lè ṣe fún un tí yóò fi padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí ní òun kò mọ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ìyàwó ẹlòmíràn. Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwọlé kò ní owó ibodè, ìjáde ló ní. Ó ní, "Bí o bá ń padà bọ̀ láìní ìdáhùn, èmi yóò dìde, ìwọ yóò jókòó. Ojú rẹ náà yóò sì máa gbálẹ̀." Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà mọ́ gbọnrangandan níwájú ọkùnrin náà.

Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó dé odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ewúrẹ́ lè fò kọjá. Ó bomi mu. Omi náà tutù dé eegun, Ọdẹ́jìnmí sì yìn ín bí ọmọlúàbí. Ó ní, "Odò ńlá ni ọ́." Odò gbọ́, ó wú. Kí ó tó nu ẹnu, omi ti dé orúnkún rẹ̀, ó dé àyà, ó dé ọrùn. Ẹja tó tóbi bí ọjà ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ di àmàlà dúdú, ìbọn fúnra rẹ̀ bá omi lọ. Ìgbà tí ó rí i pé ikú ti dé bá òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá le. Ó ní, "Odò, ìwọ náà ro ó wò. Inú mi ni díẹ̀ nínú rẹ wà báyìí. Bí o bá rì mí, ara rẹ lo rì. Bí o sì fi mí sílẹ̀, láìpẹ́ ni n ó tọ̀ ọ́ sí ìdí igi kan, ìwọ náà á sì mọ bí o ti tó."

Odò hó kutukutu. Ó mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Omi fà dé àyà, ó fà dé ìbàdí, ó di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, Ọdẹ́jìnmí sì bá ara rẹ̀ lórí ìyanrìn, ó ń ta bí ẹja.

Orí rẹ̀ wú wàyí. Ó rò pé òun ti jẹ àlọ́ náà, pé yẹ̀yẹ́ ni ìdáhùn, pé ohun gbogbo tó bá ga, kí ènìyàn sáà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ẹ mọ̀ pé igi tí a fi pa ejò kan kọ́ la fi ń pa gbogbo ejò.

Ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́nlé. Ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni igbe ọmọdé, kò sì rí àgbàlagbà kankan, àfi igi pupa ràgàjì tó kún gbogbo ìgboro. Ó gbójú sókè, ó rí i pé itan ènìyàn ni. Àwọn ará ìlú náà ti yin ara wọn títí orí wọn fi wọ inú àwọsánmà. Ìkíni òwúrọ̀ wọn kì í parí kí ìkíni alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ wọn, òkìtì ọ̀gán ti ń hù bò ó. Àwọn ọmọ ọwọ́ ń rá ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń ké fún ọmú, ìyá kankan kò sì lè bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Àpọ́nlé, ó ti tẹ́.

Ọdẹ́jìnmí dúró ní ojúde, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó pariwo ẹ̀fẹ̀ sókè. Ó pè wọ́n ní ọ̀pẹ gíga tí kò léso. Ó bi wọ́n pé ta ló ń bá wọn họ ẹsẹ̀ bí ẹ̀fọn bá jẹ wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó bá a jẹun rí, ta ni òun tí yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bí igi ìrókò tó wó, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń tẹ àgbàdo sínú ebè. Orí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lókè. Ìjàlọ tò wá, wọ́n ń wo etí rẹ̀ bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ háyà.

Òru lọ, ọ̀sán dé, ìjàlọ ti jẹ etí òsì rẹ̀ dé ìdajì. Etí náà la fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Àwọn ọmọ ọwọ́ rá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn kò rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba rí. Ọdẹ́jìnmí kò ní agbára mọ́, ahọ́n nìkan ló ní. Ó fi ahọ́n kan imú. Ó mi imú bí ehoro. Ó sunkún irọ́ bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, èkejì rín, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ yí i ká, bí ọmọ ṣe ń ṣe. Lílù náà ló tú ilẹ̀, tó sì wú u jáde. Ó kí wọn, ó sá lọ, ẹ̀rín wọn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lókè, kò sí ìyá tó bojú wolẹ̀.

Ní ọjọ́rọ̀, ó gbọ́ oríkì. Ohùn púpọ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ti há. Ó yọjú láti ẹ̀yìn igi, ó rí àgọ́ Ògúndíyà.

Òkú náà jókòó, síbẹ̀ orí rẹ̀ yọ ju igbó lọ. Ẹyẹ òwìwí ti kọ́lé sínú ihò imú rẹ̀. Àwọn tí a ti ń wá nílé yí i ká, wọ́n ń ki í láìsinmi, ọ̀gán sì ń hù bò wọ́n láti ẹsẹ̀. Ti Láṣebìkan ẹlẹ́mu ti dé ètè ìsàlẹ̀. Ti Àwẹ̀ró ti dé ìbàdí. Ó ń wo iwájú, kò mọ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn Ògúndíyà ni àpáta kan wà, ìlẹ̀kùn sì wà lára àpáta náà, kúkúrú bí ìlẹ̀kùn ilé adìẹ. Iná ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń pè é láti inú wá pé, "Ògúndíyà, ọbẹ̀ ń tutù." Ògúndíyà ti gbìyànjú. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń sunkún, omijé rẹ̀ ń bọ́ bí ìgbà tí igi òṣè ń rẹ èso.

Ohun tí Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ ṣe burú. Ó rí àna rẹ̀, ara rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ kí orí rẹ̀ tó sọ fún un pé kí ó má dọ̀bálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ní, "Bàbá, àgbà òkè." Ògúndíyà ga sí i. Àpáta lọ sẹ́yìn. Ọ̀gán Àwẹ̀ró ta kúrò ní ìbàdí, ó dé àyà. Erùpẹ̀ di ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí náà méjèèjì mú mọ́lẹ̀.

Ó pa ẹnu dé. Ó ń ronú pẹ̀lú àgbọ̀n lórí ilẹ̀. Kò lè fi gíga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti rí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ ní Àpọ́nlé. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ọkùnrin yìí tí ó jẹ́ ti inú ilé. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ fún un lórí ẹní, ní oṣù tí wọ́n fẹ́ra, ó sì ti mú un búra pé kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tí òkú bá bínú, àtẹ́lẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò pa gbogbo wọn rẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ yóò di ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹkùn tó fa ṣòkòtò yín ya lọ́jọ́sí, ṣé ẹ pa á?"

Oríkì kọsẹ̀.

"Ẹkùn wo?" Ohùn náà já ewé lára igi.

"Ti ọjọ́ tí ẹ fi ewé kókò bo ìdí wọ̀lú."

Ògúndíyà dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, òjìji àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bo àgọ́ náà látòkè délẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ń sọ ọ́ lọ. Ó ní kò sí ẹkùn. Ó ní Bàbá fọ ṣòkòtò lódò, wọ́n sá a sórí igi, oorun sì gbé wọn. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n rí abàmì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò lórí, tó ń jó nínú afẹ́fẹ́. Olúọdẹ gbogbo ilẹ̀ yìí gbé ìbọn, ó yìnbọn lù ú. "Ẹ pa á, Bàbá. Kò tilẹ̀ ké. Ẹ ta á ní ìdí."

Àtẹ́lẹsẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdẹ́jìnmí di ojú.

"Irọ́ ni." Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀. Ó ti dákẹ́ oríkì, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Kì í ṣe ìdí nìkan. Ọta gba orúnkún pẹ̀lú, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Bàbá tún jókòó tì mí, wọ́n ní kí n rọra máa gún abẹ́rẹ́, pé ara ṣòkòtò náà kò tíì yá."

Àtẹ́lẹsẹ̀ dúró lójú òfuurufú. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí ró lókè bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń já. Gbogbo wọn káwọ́ lórí, wọ́n rò pé ìbínú ni. Òwìwí fò jáde nínú imú rẹ̀, ìyẹ́ ń já bọ́. Ẹ̀rín ni. Ògúndíyà, tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ láyé, ń rẹ́rìn-ín. Bó ti ń rín ni ó ń wálẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pẹ, ó dọ́gba pẹ̀lú òrùlé, ó sì di bàbá arúgbó kan tí ojúgun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó yí i ká bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gán fọ́ yángá lára wọn. Láṣebìkan ẹlẹ́mu nìkan ni kò fọ́. Ọ̀gán ti bo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín kò rí ọ̀nà jáde. Ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀gán sì bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Ògúndíyà fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé dé ìbàdí, ó tún yí ojú padà sí Ọdẹ́jìnmí.

"Àna mi, o pẹ́. Láti ọjọ́ ìṣípà ni mo ti ń retí ẹ̀fẹ̀ yìí." Ó tún fi kún un pé, "Bó bá kàn ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyìn dí ọ lọ́nà."

Ó wọlé. Kí ìlẹ̀kùn tó pa dé, wọ́n gbọ́ àwọn ọdẹ inú lọ́hùn-ún tí wọ́n ń bi í pé ṣòkòtò dà.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ní ẹnu ọ̀nà igbó, arúgbó náà béèrè ìdáhùn. Ọdẹ́jìnmí ní, "A ó jókòó tì í bí ọmọ ìyá, a ó sì bá a fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín." Arúgbó náà wò ó títí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ká sókè, ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òkú wọ ibẹ̀ nísinsìnyí, kò ní rí ẹni pa àlọ́ tí yóò la ojú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àjà fi ń dún. Ọdẹ́jìnmí ti ń ga. Ó ti kan òrùlé. Ta ni yóò ṣí ẹnu nínú yín? Ẹ ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo já ìrù ẹfọ̀n, èmi náà ń wo ilẹ̀. Oòrùn sì ń lọ.

Ẹ dákẹ́. Ìyá ti gbé orí sókè. Ẹ jẹ́ kí Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi tí ẹ ń pè ní àjànàkú yìí," ó ní, "ọ̀pọ̀lọ́ kò jẹ́ kó wẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá wà ní balùwẹ̀, á wá jí mi. Òun á di ìbọn mú, èmi á di ìgbálẹ̀ mú. Èmi ni mo máa ń ṣíwájú."

Ta ló rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Má tijú, rín in síta. Ẹ rín in, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún náà, ẹ rín in mọ́ ẹkún.

Ẹ gbọ́ àjà. Ó ti dákẹ́.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbé ẹrù náà. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn géńdé gbé e. Ẹ ò rí nǹkan: Àwẹ̀ró ti fi ọwọ́ kan gbé e.